Ìgò Imú Àǹtí Telesia

Ajé, 10 Oṣù Kẹfà

Kelepi alákòóso ìlú wá sí ilé ìhunní wa lónìí pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ó sì kà á bí ẹni ń wàásù. Olóyè wa ń bọ̀ láti Nukuʻalofa, olú ìlú wa, fún ṣíṣí gbọ̀ngàn ìjọ, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ. Ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ ló máa dé, ìlú yìí ló sì máa sùn.

Bàbá Sioeli tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà dá a dúró. "Ta ló máa jí i?"

"Ta ló máa jí i báwo, Bàbá? Ó ní fóònù."

"Èmi ni mo ń fi fèrè jí bàbá bàbá rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá gbáko. Wọn kì í fi ariwo jí olóyè. Fusi ló máa fun ún."

Gbogbo obìnrin tó ń hun ẹní gbójú sókè, wọ́n wò mí. Láti ìparí oṣù karùn-ún ni ọ̀fìnkìn ti mú mi tí imú mi dí pa, fèrè wa kì í sì í ṣe ti ẹnu. Imú la fi ń fun ún.

Kelepi rẹ́rìn-ín. Ó ní kò le, òun máa wá ibi tí wọ́n ti gba ohùn fèrè sílẹ̀, òun á gbé sìpíkà síwájú ilé, ó parí. Mo ní, "Gbé sìpíkà ẹ jókòó. Màá fun ún." Ẹnu mi máa ń yá ju orí mi lọ, ó sì ti bọ́ báyìí.

Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kẹfà

Mo fín oògùn ìgò imú sí ihò imú méjèèjì, mo ka ọgọ́ta, imú là gbàgà. Mo fi àtàǹpàkò dí ihò òsì, mo gbé fèrè sí ihò ọ̀tún, ohùn jáde. Bàbá Sioeli di ojú, ó ń mi orí. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Kí Ọlọ́run bá mi bù kún Àǹtí Telesia. Páálí rẹ̀ láti Ókílándì lókè òkun ló gbà mí: bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì, ẹran inú agolo, bàtà tí kò bá Feleti ọkọ mi mu, àti oògùn nínú ọ̀rá. Ìgò imú mẹ́fà, hóró pupa bí ogójì. Ìhòòhò ni wọ́n wà. Àǹtí kì í fi páálí kékeré sínú páálí ńlá. Ó ní afẹ́fẹ́ lèèyàn ń sanwó ọkọ̀ ojú omi fún. Lórí fóònù ló ti sọ fún mi bí màá ṣe lò ó: "Nígbàkúùgbà tó bá ti dí, fín in." Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni. Tó bá sọ̀rọ̀ nílé wa, abẹ gé e. Èmi wo ló máa wá béèrè ìwé oògùn lọ́wọ́ rẹ̀?

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kẹfà

Òtútù mú gan-an láàárọ̀, atẹ́gùn gúúsù ò jẹ́ kí ewé ẹní gbẹ. Àlùbọ́sà ti di paanga mẹ́jọ kílò kan, mo fi sílẹ̀ fún wọn.

Orin òwúrọ̀ tí wọ́n fi ń jí olóyè yẹn, ìpín mẹ́rin ni. Mo ti mọ mẹ́ta. Ìkẹrin ní ohùn gígùn kan tó máa ń fẹ́ gba ẹ̀mí mi. Mo bi Bàbá pé kí ló dé tí àwọn àgbà ò fi ẹnu fun ún bíi ti gbogbo ayé. Ó ní, "Ẹnu yìí? Ẹnu yìí ti bú èèyàn, ó ti purọ́, ó ti jẹ oúnjẹ ọlọ́jà. Imú mi ò tíì bú ẹnikẹ́ni." Mo rẹ́rìn-ín títí imú fi tún dí, mo ní láti fín in.

Àìkú, 23 Oṣù Kẹfà

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fín imú kí ìwàásù tó parí. Nígbà tá a ń bọ̀ nílé, Feleti ní, "Tó bá jẹ́ èmi lo máa ń wá kiri bó o ṣe ń wá ìgò yẹn, ilé wa ì bá dùn ju báyìí lọ." Mo ní kó jẹ́ kí n gbọ́ràn.

Ìgò kejì tán lónìí.

Ẹtì, 28 Oṣù Kẹfà

Nígbà àkọ́kọ́, tí mo bá fín in láàárọ̀, ó ń gbé mi dé alẹ́. Báyìí, wákàtí méjì, ó ti dí padà. Ọ̀fìnkìn yìí le o. Mi ò ní gbà fún un. Màá máa fín in ní ìlọ́po méjì ni.

Ajé, 1 Oṣù Keje

Mo dé inú ohùn gígùn yẹn níwájú Bàbá, imú pa dé lójijì bí ẹni ti ilẹ̀kùn. Fèrè dákẹ́. Mo ní kó má bínú. Kò tilẹ̀ gbọ́, òun náà ń sín. Ọ̀fìnkìn ti mú un láti àná, ojú rẹ̀ pọ́n, kò lè gbádùn oúnjẹ.

Mo sáré wọlé lọ mú hóró pupa méjì wá nínú ti Àǹtí, mo bu omi fún un. Mo fi mẹ́rin sí i lọ́wọ́ fún alẹ́ àti òwúrọ̀ ọ̀la. Ohun tó bá ti Ókílándì wá, ti gbogbo ilé ni, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Ó súre fún mi.

Ìṣẹ́gun, 2 Oṣù Keje



Mo gbé iṣu sísè lọ fún Bàbá láàárọ̀, mo bá a lórí àkéte, ó fi ọwọ́ di àyà mú. Ó ní ọkàn òun ń sáré, orí òun fẹ́ là, ojú òun ń ṣe bàìbàì. Feleti àti Kelepi gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ Kelepi, a forí lé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì Hepisipa, tá a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé ẹ̀kọ́, so nǹkan mọ́ ọn lápá. 192 lórí 108.

"Kí ló jẹ?" ló kọ́kọ́ bi mí.

"Iṣu. Ewé kókò àti omi àgbọn."

"Fusi, mi ò béèrè ọbẹ̀. Oògùn wo ló lò?"

Mo yọ ọ̀rá hóró pupa. Ó wo ohun tí wọ́n tẹ̀ sára hóró náà, ó wo ojú mi. "Ṣé o mọ̀ pé bàbá yìí ní ẹ̀jẹ̀ ríru? Ṣé o mọ̀ pé ọdún mẹ́fà ni mo ti ń fún un ní oògùn ẹ̀?"

Mo mọ̀. Gbogbo ìlú ló mọ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé oògùn tó ń la imú lè máa ti ẹ̀jẹ̀ sókè. Ìwé tó yẹ kó sọ fún mi, Àǹtí ti jù ú nù ní Ókílándì kí ẹran agolo lè ráyè. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, mo sunkún, mi ò bìkítà ta ló ń wò mí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ ara mi pa ẹni tó kọ́ mi ní fèrè.

Ọjọ́rú, 3 Oṣù Keje

Wọ́n dá a dúró síbẹ̀ mọ́jú. 168 ní àárọ̀, 150 ní ọ̀sán. Nígbà tí mo wọlé, ó ní, "Ọlọ́pàá dà? Wọn ò tíì mú ẹ?" Ẹ̀rín àti ẹkún gbé mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí mo ṣe yí ojú padà láti fín imú mi báyìí, Hepisipa gbá ọwọ́ mi mú. "Kí nìyẹn?"

"Ìgò imú ni."

"Mo rí i. Ọjọ́ mélòó lo ti ń lò ó?"

"Kò tíì pẹ́."

"Fusi. Ọjọ́ mélòó?"

Mo kà á lọ́kàn. "Ọ̀sẹ̀ márùn-ún."

Ó jókòó. Ó ní, "Gbọ́. Ẹran ló wà nínú imú ẹ, ẹ̀jẹ̀ ń gba inú ẹ̀ kọjá. Tó bá wú, imú á dí. Oògùn yìí ń fún un pọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta, ó dáa, kò sí wàhálà. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ẹran yẹn ò ní mọ bó ṣe ń fún ara ẹ̀ pọ̀ mọ́. Bí oògùn bá ti lọ, á wú ju ti tẹ́lẹ̀. Ìwọ náà á tún fín in. Ọ̀fìnkìn ẹ ti lọ látoṣù tó kọjá. Ìgò yẹn ló ń dí ẹ nímú."

Mo bá a jà. Mo ní irọ́ ni, mo ní kò mọ̀, mo ní tí kì í bá ṣe ìgò yìí mi ò lè mí. Ó ní, "Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn." Mo bínú kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 4 Oṣù Keje

Mo padà lọ. Mo ti rò ó láàárín òru, Hepisipa kì í purọ́ láti kékeré, kódà nígbà tí irọ́ ì bá gbà wá lọ́wọ́ pàṣán.

Mo ní, "Ọ̀sẹ̀ márùn-ún àti ọjọ́ méjì ló kù kí Olóyè jí. Kí ni kí n ṣe?"

"Jù ú sílẹ̀."

"Lẹ́ẹ̀kan náà? Màá kú."

"O ò ní kú. Inú ló máa bí ẹ, gbogbo wa ló sì máa jẹ nínú ẹ̀." Ó rò ó. "Ihò wo lo fi ń fun fèrè?"

"Ọ̀tún. Àtàǹpàkò ló máa ń dí òsì."

Ó pàtẹ́wọ́. "Ó tán! Ihò ọ̀tún ò gbọ́dọ̀ rí ìgò mọ́ láti òní. Ẹ̀kán báyìí ò. Ihò òsì, ẹ̀ẹ̀kan lálẹ́ kó o lè sùn. Nígbà tí ọ̀tún bá là, a óò gba ti òsì náà."

Ó ní kí n se omi kó hó dáadáa, kí n jẹ́ kó tutù, kí n po iyọ̀ díẹ̀ sí i, kí n máa fi fọ imú láàárọ̀ àti lálẹ́. Mo ní omi òkun ńkọ́, ó súnmọ́ wa. Ó ní tí mo bá fa omi òkun símú, òun ò mọ̀ mí rí. Ìgò mẹ́ta ló kù nínú mẹ́fà. Mo kó méjì fún un pẹ̀lú gbogbo hóró pupa. Èyí tí mo ti ṣí ló wà lọ́wọ́ mi fún ihò òsì.

Ẹtì, 5 Oṣù Keje

Mi ò sùn.

Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Keje

Ihò ọ̀tún dí bí ẹni fi amọ̀ rẹ́ ẹ. Orí ń fọ́ mi. Mo bú Feleti torí pé ó ń mí.

Ajé, 8 Oṣù Keje

Ọjọ́ kẹrin. Mo fọ imú, omi iyọ̀ gba ẹnu jáde, mo wúkọ́ títí ajá fi sá. Ṣùgbọ́n mi ò fín in. Mo fi bírò fa ìlà mẹ́rin sára ògiri ilé ìdáná. Màá máa fa ìlà lọ, ìgbà tí ògiri bá kún ká wá wò ó.

Bàbá Sioeli ti padà sílé. Ó ti rù díẹ̀. Ó ní kí n máa fi ìka ṣe orin náà lórí igi fèrè láìfun ún. Wákàtí kan la fi jókòó láìsí ohùn kankan, ìka mi ń lọ, ó ń tún un ṣe. Ó ní, "Ìka àtàǹpàkò ẹ yẹn ti mọ iṣẹ́ ẹ̀ ju ìwọ lọ."

Àìkú, 14 Oṣù Keje

Àǹtí Telesia pè lẹ́yìn ìsìn, ojú rẹ̀ kún fóònù. Ó kí gbogbo ilé, ó béèrè iṣu, ó béèrè òjò. Lẹ́yìn náà ló ní, "Oògùn mi ńkọ́? Ṣé kí n tún fi sí i?"

Láti àárọ̀ ni mo ti ń ṣe àdáṣe ohun tí màá sọ. Gbogbo rẹ̀ parẹ́ lórí mi. Mo kúnlẹ̀ níwájú fóònù bí ọmọ ọdún méje, mo ní, "Àǹtí, ẹ dákun, ẹ má fi sí i mọ́."

"Kí lo wí?"

Mo sọ fún un. Ti Bàbá Sioeli, ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ọjọ́ mẹ́ta. Feleti ti sá jáde kí n tó dé àárín ọ̀rọ̀ náà.

"Nítorí náà mo fẹ́ pa yín," ni Àǹtí wí. "Èmi tí mò ń fọ ilẹ̀ ọ́fíìsì kí ẹ lè ní bùláńkẹ́ẹ̀tì. Nọ́ọ̀sì kékeré kan ló wá ń kọ́ mi. Fusi, ìwọ! Ọmọ àbúrò mi!"

"Àǹtí, mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Oògùn náà dáa. Ọjọ́ ni mo ṣì lò."

"Ọjọ́ wo? Ọdún kọkànlá rèé tí èmi ti ń fín in, látìgbà tí bàbá ẹ ti kú. Ojoojúmọ́. Ṣé mo ti kú ni?"

Mo gbé ojú sókè. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ yẹn gan-an, mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀: imú dídí, bí ẹni ń ti inú ìkòkò sọ̀rọ̀. Ohùn Àǹtí nìyẹn láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, a máa ń rò pé ogbó ni. Mo ní, "Àǹtí, ṣé ẹ máa ń gbọ́ òórùn oúnjẹ?"

Fóònù kú. Nínú ẹbí wa, ẹni tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin bá bínú sí, kò sí ẹni tó lè bá a bẹ̀ ẹ́.

Ìlà kẹwàá lórí ògiri.

Ẹtì, 19 Oṣù Keje

Mo tú ìdì ewé ẹní láàárọ̀, nǹkan kan kọlù mí. Mo ní kí ló ń rùn. Gbogbo wọn ní kò sí nǹkan. Mo tún fa imú. Òórùn ewé ẹní ni! Òórùn ewé gbígbẹ tó ti rí omi òkun, tí mi ò gbọ́ láti oṣù karùn-ún. Mo fi ojú bọ inú ìdì náà. Ihò ọ̀tún ti là. Kò là tán, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ń gbà á kọjá.

Mo sáré dé ilé Bàbá. Mo fun ìpín kìíní. Ohùn náà rí tínrín, ó ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n èmi ni mo ni ín.

Nígbà tí Feleti dé láti ibi tí wọ́n ti ń mu kava, mo gbọ́ òórùn òun náà. Mo ní kó lọ wẹ̀. Ó ní imú dídí yẹn sàn fún òun.

Ìṣẹ́gun, 23 Oṣù Keje

Kelepi gbé sìpíkà wá dán an wò níwájú ilé tí Olóyè máa sùn. Ohùn rẹ̀ dé ibi tí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ wa wà. Ó ní, "Ẹ rí i, ẹ̀rọ kì í ní ọ̀fìnkìn."

Mo ní, "Kì í ní èémí náà."

"Fusi, mi ò bá ẹ jà o. Tó bá dí mọ́ ẹ lọ́jọ́ náà, ìtìjú ni fún gbogbo ìlú. Màá kàn gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tó o bá dákẹ́, màá tẹ̀ ẹ́."

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ohun tó dùn mí nìyẹn. Bàbá Sioeli wo sìpíkà náà títí. Lẹ́yìn tí Kelepi lọ, ó ní, "Mi ò fẹ́ gbọ́ orin yẹn látinú àpótí kí n tó kú." Mo fún un ní ọ̀rọ̀ mi.

Ọjọ́bọ̀, 25 Oṣù Keje

Mo gba ìgò lẹ́nu ihò òsì náà lónìí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bínú lójú ẹsẹ̀. Jẹ́ kó bínú. Mo mọ ìwà wọn báyìí.

Ọjọ́bọ̀, 1 Oṣù Kẹjọ

Ẹ gbà mí. Ọ̀fìnkìn gidi ti dé. Ó kó gbogbo ilé ìhunní, ó kó Feleti, ó kó èmi náà. Imú mi méjèèjì ń ṣàn bí ọ̀pá omi, nígbà tí kò bá ṣàn ó dí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù.

Mo dúró níwájú Hepisipa, mo ní kó fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta péré. Mo ní, "Ìwọ lo sọ pé ọjọ́ mẹ́ta dáa, àbí?"

"Ó dáa fún ẹni tí imú ẹ̀ ò tíì kọ́ ọ. Tìrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbàgbé. Rárá." Ó ní ọ̀fìnkìn á lo ọ̀sẹ̀ ẹ̀, á lọ. Kí n mu ọbẹ̀ gbígbóná, kí n máa fọ imú, kí n fi ìrọ̀rí méjì sábẹ́ orí.

Lójú mi báyìí ló fún Feleti ní ìgò kan! Ó bi í ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó bi í ní ọkàn, ó bi í ní oògùn mìíràn tó ń lò, ó wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lápá. Ó mú bírò, ó kọ ọ́ sára ìgò: ìbẹ̀rẹ̀ 1/8, òpin 3/8. "Ìwọ nìkan ló ni ín, Feleti. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi imú kàn án. Tó bá di Àìkú, gbé e padà fún mi."

Feleti fín in lójú mi nílé, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Áà." Mo sọ bàtà tí kò bá a mu lù ú.

Àbámẹ́ta, 3 Oṣù Kẹjọ

Kí n kọ òótọ́ síbí, ìwé mi ni. Ìgò tí mo ti ń fín sí ihò òsì, mi ò jù ú nù. Ó wà nísàlẹ̀ agbọ̀n ewé ẹní mi láti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mo parọ́ fún Hepisipa pé ó ti tán.

Mo yọ ọ́ lónìí. Ọ̀sán ni, ilé dá. Mo ṣí ìdérí. Mo gbé e dé ihò ọ̀tún, débi pé ẹnu rẹ̀ tutù sí mi lára. Mo rò ó pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ta ló máa mọ̀? Ọgbọ̀n ìlà ló wà lórí ògiri ilé ìdáná, wọ́n ń wò mí. Mo rántí Bàbá lórí àkéte, ọwọ́ rẹ̀ lórí àyà.

Mo jáde síta, mo tẹ gbogbo oògùn inú rẹ̀ dànù sínú iyẹ̀pẹ̀ títí ó fi ń mí lásán. Feleti dé, ó bá mi níbi tí mo ti ń sunkún tí imú mi ń ṣàn. Ó gbé ìgò tirẹ̀ fún mi pé kí n gbé e lọ fún Hepisipa, ọjọ́ òun pé. Mo gbé méjèèjì lọ, mo sì jẹ́wọ́. Hepisipa ò bú mi. Ó gbé ọbẹ̀ ẹja rẹ̀ fún mi mu.

Ọjọ́rú, 7 Oṣù Kẹjọ

Imú ń ṣàn díẹ̀díẹ̀. Ìpín kẹrin, ohùn gígùn: ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni mo fun ún, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló dé òpin.

Ẹtì, 9 Oṣù Kẹjọ

Olóyè dé. Ẹlẹ́dẹ̀ méjìdínlógún ló wà nínú ihò iná tá a gbẹ́ sílẹ̀ fún àsè. Kelepi ti gbé sìpíkà síbi tó sọ. Ihò òsì ṣì dí ààbọ̀. Mo sọ fún Bàbá, ó ní, "Òsì? Ta ló béèrè òsì?"

Àbámẹ́ta, 10 Oṣù Kẹjọ

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán nígbà tá a jókòó sórí ẹní níwájú ilé. Èmi, Bàbá Sioeli ní ọwọ́ ọ̀tún mi pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì Àǹtí léjìká, Kelepi lẹ́gbẹ̀ẹ́ sìpíkà, ìka rẹ̀ lórí fóònù. Feleti jókòó lẹ́yìn, òun náà gbé fóònù dání. Mo rò pé fọ́tò ló fẹ́ yà.

Ìpín kìíní lọ. Èkejì lọ. Ẹyẹ ò tíì ké, òkun ò pariwo, ohùn fèrè nìkan ló wà. Ẹ̀kẹta lọ.

Mo wọ ohùn gígùn. Àárín rẹ̀ ni omi kan yọ́ wá sínú ihò ọ̀tún, fèrè rọ̀, ó gbọ̀n, ó dákẹ́.

Mo rí ìka Kelepi tó ń lọ sílẹ̀. Mo rí ọwọ́ Bàbá Sioeli tó jáde lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, tó gbé ara rẹ̀ lé ọwọ́ Kelepi. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "Fi í sílẹ̀. Ó ń mí ni."

Mo nu imú mi bí ọmọdé, níwájú ilé Olóyè. Mo di ẹnu. Mo fa atẹ́gùn láti ihò ọ̀tún, ó wọlé, ó tutù, ó dé ìsàlẹ̀ àyà mi láìsí ẹnikẹ́ni tó ràn án lọ́wọ́. Mo gbé fèrè padà. Mo bẹ̀rẹ̀ ohùn gígùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, mo gbé e dé òpin.

Ilẹ̀kùn ṣí. Olóyè wà níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ oorun, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó ní, "Mo ti jí látìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Mi ò fẹ́ kó tán ni." Bàbá Sioeli ń sunkún, kò fi pamọ́. Kelepi náà ń nu ojú, ó ní ọ̀fìnkìn ni.

Ìgbà tá a dìde ni mo rí fóònù Feleti. Kì í ṣe fọ́tò. Ojú Àǹtí Telesia ló wà níbẹ̀, nínú òkùnkùn yàrá rẹ̀ ní Ókílándì, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Àǹtí." Ó wò mí títí. Ó sì pa fóònù.

Ajé, 23 Oṣù Kẹsàn-án

Mi ò kọ nǹkan síbí láti ọjọ́ yẹn. Iṣu àkọ́kọ́ ti wọlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ Bàbá Sioeli 138. Ihò òsì ti là pátápátá láti ìparí oṣù tó kọjá, mi ò tilẹ̀ mọ ọjọ́ tó là.

Páálí Àǹtí dé lónìí. Láti ọjọ́ fèrè kò tíì bá mi sọ̀rọ̀, nítorí náà ẹ̀rù bà mí láti ṣí i. Kò wúwo bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹran agolo méje péré, bùláńkẹ́ẹ̀tì kan. Gbogbo àyè yòókù, oògùn ló gbà á: oògùn orí fífọ́, oògùn ikọ́, ìpara ẹsẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú páálí kékeré tirẹ̀, ìwé rẹ̀ ká sínú rẹ̀, Àǹtí sì ti fi bírò kọ ọ́ sára páálí kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ méjì. Ọjọ́ márùn-ún. Kí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru má lò ó.

Nísàlẹ̀ pátá, ìgò imú kan wà níhòòhò. Inú mi kọ́kọ́ bàjẹ́. Mo gbé e. Ó fúyẹ́. Mo mì ín, kò ró. Mo gbé e sínú ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, mo rí ohun tí Àǹtí fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sí i lára: òpin, 18/8.